Ṣọ́ọ̀kù iwájú Boxer ń rì, ó ń dún gbàà: ọ́ìlì ni kí n pààrọ̀ ni, àbí sípíríǹgì?

Ẹrù Ò Wúwo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Boxer 150 ni máṣíìnì yìí, èyí tó ń lo bíréèkì dúrọ́ọ̀mù níwájú. Ọ̀nà Ìgànná sí Ìsẹ́yìn ló ń rìn, ẹrù ló sì ń gbé: iṣu, gààrí, nígbà mìíràn àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Tó bá ti wọ kòtò, ṣọ́ọ̀kù iwájú á lọ sílẹ̀ pátápátá, á dún gbàà. Bí mo bá sì tẹ bíréèkì, ńṣe ni orí rẹ̀ máa ń tẹrí ba. Ẹsẹ̀ òsì ti ń yọ ọ́ìlì, eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Mẹkáníìkì kan ní kí n ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40, kí wọ́n dà á kún ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì to wáṣà sórí sípíríǹgì kó lè le. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gé sípíríǹgì. Èwo ló tọ̀nà nínú ẹ̀? Ọ́ìlì wo ni, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Ọ̀gá Sípánà

Ẹ má tíì ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yẹn o. Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo, ọ́ìlì kì í gbé e. Iṣẹ́ ti ọ́ìlì ni pé kó máa dá ṣọ́ọ̀kù lọ́wọ́ kọ́, kó má sáré sọ̀kalẹ̀ jù, kó má sì ta padà sókè jù. Tí sípíríǹgì bá rọ̀ ju ẹrù lọ, kò sí ọ́ìlì tó lè gbà á sílẹ̀.

Ohun tí ọ́ìlì 40 máa ṣe rèé. Nínú irú ṣọ́ọ̀kù yìí, àwọn ihò kéékèèké ara ọ̀pá inú ni ọ́ìlì ń gbà kọjá. Bí ṣọ́ọ̀kù bá fi ìlọ́po méjì eré lọ sílẹ̀, agbára tí ihò yẹn fi ń dí ọ́ìlì lọ́nà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ọ́ìlì bá wá ki jù, bí táyà bá gbá kòtò tí etí rẹ̀ mú, ṣọ́ọ̀kù kò ní ráyè rìn rárá. Apá yín àti kọ́ọ̀nù orí (bẹ́àrìn tí ọwọ́ máṣíìnì fi ń yí) ni yóò jẹ ìyà náà. Ìpadàsókè rẹ̀ ló tún burú jù. Ṣọ́ọ̀kù kò ní tíì gòkè tán tí kòtò kejì á fi dé, ẹ̀kẹta á tún tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà tó kún fún gálọ́ọ̀pù, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rì títí yóò fi jókòó sísàlẹ̀. Gbàà tí ẹ ń sá fún gan-an ló máa pọ̀ sí i.

ATF (ọ́ìlì jíà ọkọ̀ aládàáṣe) irú Dexron III máa ń wà ní nǹkan bí 35 cSt (ìwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó) tí ooru bá jẹ́ 40°C. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 máa ń tó 140 ní ooru kan náà. Inú ṣọ́ọ̀kù kì í gbóná bí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ má retí pé ọ́ìlì yẹn á yọ́ fún yín. ATF tó dáa tàbí fork oil (ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù iwájú) 10W ló yẹ. Fún ẹrù gidi, ẹ lè dé 15W, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà W ara agolo fork oil kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì: 10W ti ẹnì kan lè ki ju 15W ti ẹlòmíràn lọ. cSt ní 40°C ni kí ẹ máa wò, kó wà láàárín 30 sí 50.

Bí ẹ ó ṣe tú u nìyí. Ẹ gbé máṣíìnì sórí ìdúró àárín, kí ẹ fi igi tàbí jáàkì gbé abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dẹ ìdérí òkè ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan díẹ̀ (tí bóòtì bá wà tó fún àwo orí, ìyẹn irin tó di òkè ẹsẹ̀ méjèèjì mú, mọ́ ọn, ẹ dẹ ìyẹn ṣáájú), kí ẹ sì dẹ bóòtì Allen tó wà nídìí ẹsẹ̀ náà díẹ̀. Ìdí ni pé ara máṣíìnì ṣì ń di ẹsẹ̀ náà mú, sípíríǹgì sì ṣì ń tẹ ọ̀pá inú mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti yọ sípíríǹgì kí ẹ tó dojú kọ bóòtì ìdí, ọ̀pá inú á kàn máa yí pẹ̀lú rẹ̀ ni, ẹ ó sì lo gbogbo ọ̀sán lórí bóòtì kan ṣoṣo. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹnu igi ìgbálẹ̀ kó ṣe ṣóńṣó, kí ẹ kàn án wọ ẹnu ọ̀pá náà láti òkè, kí ẹnì kan dì í mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ wáyà bíréèkì, wáyà mítà, táyà àti mọ́ọ́gáàdì, kí ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì jáde. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ìdérí òkè tán, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé ojú kúrò lókè rẹ̀, torí sípíríǹgì lè ta á.

Ẹ da ọ́ìlì sínú abọ́ funfun kí ẹ wò ó. Tó bá ń dán bíi fàdákà, alumíníọ̀mù ló ń jẹ sínú rẹ̀, ara ìsàlẹ̀ ti ń gbó. Tó bá rí bíi wàrà, omi ti wọlé. Ẹ yọ rọ́bà eruku àti wáyà lọ́ọ̀kì (òrùka wáyà tó di síìlì mú), ẹ tú bóòtì ìdí, kí ẹ fa páìpù (irin dídán òkè) jáde. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ohun kékeré kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: ife kékeré tó máa ń jókòó sí ìdí ọ̀pá inú. Òun ló ń há ọ́ìlì mọ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀kù bá kù díẹ̀ kó gbá ìdí, kí irin má baà bá irin. Tí ẹni tó tú u kẹ́yìn bá gbàgbé ife yẹn sínú abọ́ kẹrosíìnì, ṣọ́ọ̀kù náà kò ní yé dún, ọ́ìlì yòówù kí ẹ dà sí i. Ẹ wò bóyá ó wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ yí páìpù lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ tó tún ń pòórá, ó ti tẹ̀. Síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) tuntun kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ihò ìpẹtà tó wà níbi tí síìlì ti ń rìn, ẹ fi sandpaper 1000 tó rin fún ọ́ìlì pa etí rẹ̀, kí ẹ fi Araldite dí i, tó bá gbẹ kí ẹ fi 2000 dán an.

Ẹ fi náílọ̀nù bo ẹnu páìpù kó má gé ètè síìlì, ẹ fi gíríìsì pa ètè náà, kí ojú tó ní sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ kọjú sísàlẹ̀, síbi tí ọ́ìlì wà. Páìpù PVC tó fẹ̀ tó etí síìlì ni ẹ ó fi gbá a wọlé. Ẹ má fi sukudiráfà gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wáṣà kọ́pà ìdí, ẹ fi tuntun sí i, tàbí kí ẹ sun ti àtijọ́ nínú iná títí á fi pọ́n, kí ẹ jù ú sómi kó lè rọ̀ padà. Tí bóòtì ibẹ̀ bá jẹ́ M8 (8 mm), 20 sí 25 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtì) ti tó. Ẹ má fi páìpù fa ọwọ́ Allen key gùn.

Ẹrù Ò Wúwo

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. A ti tú u. Ife kékeré wà lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì! Ọ́ìlì òsì dúdú bí ọ̀dà, kò sì ju ìlàjì ti ọ̀tún lọ.

Mo fi vernier (irinṣẹ́ tó ń wọn mílímítà) wọn sípíríǹgì: gígùn rẹ̀ lásán 340 mm, irin rẹ̀ nípọn 3.8 mm, fífẹ̀ rẹ̀ láti ìta dé ìta 23.8 mm, ìká rẹ̀ jẹ́ 50. Ìrìn ṣọ́ọ̀kù láti òkè dé ìsàlẹ̀ 110 mm. Ìdérí òkè ń tẹ sípíríǹgì wọlé ní 20 mm. Páìpù jẹ́ 31 mm níta, 27 mm nínú. Ṣé mo lè gé ìká mẹ́wàá kúrò?

Ìwọ̀n Ò Purọ́

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ wọn nǹkan kí ẹ tó gbé ayùn. Èmi kò ní kí ẹ gé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Bí sípíríǹgì ṣe le tó dúró lórí ohun mẹ́ta: bí irin ṣe nípọn tó, bí òrùka rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti iye ìká. Ẹ fi nípọn irin ṣe ìsodipúpọ̀ ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin (3.8×3.8×3.8×3.8), ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 79000 (nọ́ńbà líle irin sípíríǹgì). Lẹ́yìn náà ẹ pín in pẹ̀lú 8, pẹ̀lú fífẹ̀ àárín òrùka nígbà mẹ́ta (20×20×20), àti pẹ̀lú iye ìká. Fífẹ̀ àárín tiyín jẹ́ 20 mm (23.8 yọ 3.8). Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5.15 N fún mílímítà kan, ìyẹn 0.525 kg. Ẹsẹ̀ méjèèjì jọ jẹ́ 1.05 kg/mm.

Ká ní 70 kg ló jókòó lórí sípíríǹgì iwájú tí ẹ bá ti gun máṣíìnì. 70 pín sí 1.05 jẹ́ 67 mm. Ìdérí ti tẹ̀ ẹ́ ní 20 tẹ́lẹ̀, torí náà ó máa rì ní 47 mm kí ẹ tó kúrò lójú kan. Nínú ìrìn 110, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló dáa, nǹkan bí 33 mm. Sípíríǹgì yín rọ̀ lóòótọ́.

Ẹ wá wo gígé. Tí ẹ bá gé ìká 10, 40 ló kù, yóò sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin le sí i. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ á di 272 mm, ìká 40 tó bá sì fara kan ara wọn tán jẹ́ 152 mm. Àyè tó ní láti fún pọ̀ jẹ́ 120 mm péré. Ìrìn ṣọ́ọ̀kù 110 pẹ̀lú 20 tí ìdérí ti tẹ̀ jẹ́ 130. Kí ṣọ́ọ̀kù tó dé ìdí, sípíríǹgì á ti di ọ̀pá irin kan gbagidi: yóò ṣẹ́, tàbí kó já ìdérí òkè. Ìká 5 nìkan ni ẹ lè gé pẹ̀lú àlàáfíà (àyè á jẹ́ 135), ìyẹn kò sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án le lọ.

Wáṣà náà ńkọ́? Tí ẹ bá to 30 mm lé e, ìdérí á máa tẹ̀ ẹ́ ní 50. 50 pẹ̀lú 110 jẹ́ 160; àyè tí sípíríǹgì yín ní láti fún pọ̀ kò ju 150 lọ. Ọ̀ràn kan náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni wáṣà kì í jẹ́ kí sípíríǹgì le rárá. Gíga ló ń fi kún: orí máṣíìnì á gòkè, àmọ́ kílò kan náà ni mílímítà kọ̀ọ̀kan ṣì ń gbà. Tí sípíríǹgì bá ti gba ẹrù dáadáa tó kàn rì díẹ̀, 5 sí 10 mm wáṣà dáa. Kì í ṣe oògùn sípíríǹgì tó rọ̀.

Ohun tí ẹ nílò ni sípíríǹgì tí irin rẹ̀ nípọn 4.0 mm, tí fífẹ̀ ìta rẹ̀ jẹ́ 24, ìká 50, gígùn 340. Ìdá mẹ́wàá mílímítà méjì péré ló fi nípọn ju tiyín lọ, síbẹ̀ yóò le sí i ní ìpín 23 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ìgbà mẹ́rin ni nípọn irin ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Á jẹ́ 0.644 kg/mm, méjèèjì 1.29. Rírì rẹ̀ á di 34 mm. Ìká rẹ̀ á fara kan ara wọn ní 200, àyè rẹ̀ jẹ́ 140, ó tó fún 130. Tó bá kúrú díẹ̀ ju 340, ẹ fi ègé páìpù PVC tó ki dí ìyókù, kí ẹ gé ẹnu rẹ̀ gún régé, kí wáṣà irin sì wà láàárín òun àti sípíríǹgì.

Ó ku ọ́ìlì. Ìwé máṣíìnì ni àkọ́kọ́. Tí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ má tẹ̀ lé iye tó jáde, torí ó ti ń jò. Gíga ọ́ìlì ni kí ẹ wọn: sípíríǹgì wà níta, ẹsẹ̀ dúró ṣánṣán, páìpù wọlé dé ìdí. Ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ fa páìpù sókè-sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ẹnu páìpù dé ojú ọ́ìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 140 mm. Ẹ so rọ́bà tín-ínrín mọ́ síríǹjì, ẹ fi tépù sàmì sí 140 lára rọ́bà náà, kí ẹ fa èyí tó bá lé jáde. Ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ fi ju 2 mm yàtọ̀ síra.

Afẹ́fẹ́ tó kù lókè ọ́ìlì jẹ́ sípíríǹgì kejì, ìdí nìyẹn tí "dà á kún" fi léwu. Nínú páìpù 27 mm, ọ́ìlì 5.7 ml ń gbé ojú rẹ̀ sókè ní 10 mm. Irin sípíríǹgì yín fúnra rẹ̀ gba àyè tó 35 ml. Ní 140 mm, afẹ́fẹ́ tó kù tí ṣọ́ọ̀kù bá dé ìdí tó nǹkan bí 44 ml, ó sì ti fún pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ní 90 mm, afẹ́fẹ́ kò ní ju 16 ml lọ, á fún pọ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà. Síìlì ló ń gba ẹ̀san yẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ kún un débi tí afẹ́fẹ́ ò sí mọ́, ọ́ìlì kì í fún pọ̀: síìlì á fò jáde lọ́jọ́ kòtò àkọ́kọ́. Tí ṣọ́ọ̀kù bá ṣì ń gbá ìdí lẹ́yìn sípíríǹgì tuntun, ẹ gbé ojú ọ́ìlì sókè ní 10 mm lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gùn ún wò, kí ẹ má kọjá 110.

Ìyá Síìlì

Gbogbo ẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjà kún un. Tí ẹ bá ń lọ sí Gate n'Íbàdàn tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta spare parts, ẹ mú sípíríǹgì àtijọ́ àti vernier dání. Ẹ má kàn sọ pé "ti Boxer, èyí tó le." Ẹni tó ń tà á á mú èyí tó gùn fún yín, gígùn kì í sì í ṣe líle. Irin ni kí ẹ wọn. Sípíríǹgì máṣíìnì mìíràn lè wọlé tí fífẹ̀ rẹ̀ bá bá páìpù yín mu. Ó kéré tán kí ó fi 2 mm kéré sí inú páìpù, torí tó bá fún pọ̀, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀. Méjì-méjì ni kí ẹ rà á.

Síìlì: nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára ti àtijọ́, bíi 31×43×10.3. Ihò, ìta, nípọn. Tí èyí tó kẹ́yìn bá yàtọ̀, wáyà lọ́ọ̀kì kò ní rí ojú ihò rẹ̀ jókòó sí. Ẹ fi èékánná fa ètè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tó bá le gan-an, ó ti pẹ́ lórí igbá. Ife kékeré tó sọnù, wọn kì í sábà tà á lóun nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, wọ́n máa ń ní ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù tó ti tẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣì dáa.

Ẹ ra rọ́bà ìbòrí alágbo-lágbo tó ń bo páìpù náà. Pẹ̀lú eruku Òkè-Ògùn, síìlì tí kò ní ìbòrí kì í pẹ́. Àmọ́ kí ihò kékeré wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi á fi máa jáde, kí páìpù má baà pẹtà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Sípánà

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ẹ̀yìn kún un, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹrù wà. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kg. Méjì lórí kárìà, ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ló gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí àpò bá kọjá ẹ̀yìn ojú áàsì táyà ẹ̀yìn, ńṣe ló ń fà iwájú sókè: ọwọ́ á fúyẹ́, orí á máa gbọ̀n tí eré bá pọ̀. Nígbà náà, iwájú tó le jù kò ní ràn yín lọ́wọ́, táyà á máa fò ni. Ẹ kọ́kọ́ yí òrùka ìgbéga ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn sí ojú kan náà lápá méjèèjì, kí ẹ sì ti ẹrù síwájú bó bá ti lè súnmọ́ ẹ̀yìn yín tó. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn tó ti ń jò, ẹ pààrọ̀ méjèèjì.

Tí ẹ bá ń to iwájú padà, ẹ fún áàsì táyà ní àkọ́kọ́, ẹ sọ máṣíìnì kalẹ̀, ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ tẹ orí mọ́lẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bóòtì àwo ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún kẹ́yìn. Tí ẹ bá fún un ṣáájú, ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní wà lójú ìlà kan, ṣọ́ọ̀kù á máa há, ẹ ó sì rò pé sípíríǹgì ló le jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ so okùn náílọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ páìpù lókè síìlì kí ẹ wọn rírì rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó máa gùn ún lórí. Ẹ wọn ọ́n nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó dìde fúnra rẹ̀, kí ẹ tún wọn ọ́n nígbà tí ẹ bá gbé e sókè tó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àárín méjèèjì ni rírì gidi. Tí ìyàtọ̀ wọn bá ju 10 mm, nǹkan kan ṣì ń há: páìpù tó tẹ̀, síìlì tó gbẹ, tàbí áàsì tí kò tò dáadáa.

Tó bá wá ṣì ń dún kọ̀ kọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí kì í ṣe gbàà inú kòtò, ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ di ìdí ẹsẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ mì wọ́n síwájú sẹ́yìn. Tí orí bá ń mì, kọ́ọ̀nù ni. Tí ìsàlẹ̀ nìkan bá ń mì lára páìpù, alumíníọ̀mù ìsàlẹ̀ ti jẹ. Síìlì kò lè tún un ṣe.

Ẹrù Ò Wúwo

Ó yé mi, ẹ̀yin ọ̀gá, àti Ìyá wa. Ìbéèrè kan ló kù: lítà ATF mélòó ni kí n rà?

Ìyá Síìlì

Lítà kan. Ó tó fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ ó sì tún rí èyí tí ẹ ó fi ṣan kẹrosíìnì tó kù nínú wọn jáde kí ẹ tó da èyí tó máa gbé ibẹ̀. Kó jẹ́ èyí tí wọn ò tíì ṣí.